Oyin Kan Ọ̀fun Àjọkẹ́

Ẹ bá mi yin Olúwa! Halelúyà!

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá ni a ṣe ìdúpẹ́ ọdún kan ọmọ wa. Wọ́n pè mí síwájú ìjọ pé kí n wá jẹ́rìí. Mo gba gbohùngbohùn, mo ní "Ẹ bá mi yin Olúwa" gẹ́gẹ́ bí mo ṣe sọ ọ́ yìí, ẹkún sì gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi. Ọkọ mi gbà á lọ́wọ́ mi, òun náà kò rí ju gbólóhùn méjì lọ sọ. Àlùfáà wa ní kí wọ́n fi wá sílẹ̀, pé Ọlọ́run ti gbọ́. Mo mọ̀ pé Ọlọ́run ti gbọ́. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn kò tíì gbọ́, ọ̀rọ̀ sì wà nínú ẹ̀rí yìí tí mo fẹ́ kí gbogbo abiyamọ gbọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ọ́. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Oore tí wọ́n ṣe fún mi pọ̀ ju ohun tí mo lè dákẹ́ lé lórí lọ.

Àjọkẹ́ ni oríkì ọmọ mi. A bí i pẹ̀lú ọ̀nà ọ̀fun tí kò já síbì kankan.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti inú oyún. Aránṣọ ni mí ní Ìwó. Oyún kejì mi nìyí. Àkọ́bí mi ọkùnrin kò fún mi ní wàhálà kankan. Ṣùgbọ́n eléyìí, láti oṣù kẹfà ni ikùn mi ti ga ju bó ṣe yẹ lọ. Bí mo bá jókòó ti ẹ̀rọ, ó di kí n na ọwọ́ kí n tó bá abẹ́rẹ́. Àwọn oníbàárà mi sọ mí di Ìyá Ìbejì. Wọn a ní, "Ìyá Ìbejì, a ó gbọ́ ohùn ìyá, a ó gbọ́ ohùn àwọn ọmọ o." Èmi náà á ṣe àmín. Ìyá ọkọ mi tilẹ̀ ti ń ra fìlà ìkókó ní méjì méjì. Mo lọ ṣe síkáànù, ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n rí. Ẹni tó ṣe é kọ ọ́ sínú ìwé pé omi inú ilé ọmọ pọ̀. Níbi tí mo ti forúkọ sílẹ̀, wọ́n wo ìwé náà, wọ́n ní kí n máa sinmi dáadáa. Kò sẹ́ni tó béèrè pé kí ló dé tí omi fi pọ̀.

Mo ti wá mọ̀ báyìí. Ọmọ inú oyún a máa mu nínú omi tó yí i ká, a sì máa tọ̀ ọ́ padà. Bẹ́ẹ̀ ni omi náà kì í fi í kọjá ìwọ̀n. Ọmọ tí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ dí kò lè gbé e mì, omi á wá máa pọ̀ sí i. Kì í ṣe gbogbo aboyún tí omi rẹ̀ pọ̀ ni ọmọ rẹ̀ ní irú àìsàn yìí o, kí ẹnikẹ́ni má ṣe bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí èèyàn béèrè. Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n ń kí mi ní Ìyá Ìbejì yẹn, ọmọ mi ló ń ránṣẹ́ sí mi láti inú pé òun kò rí nǹkan gbé mì. Èmi ni n kò gbọ́ èdè rẹ̀.

Alẹ́ ọjọ́ Ajé kan ni mo bímọ, ní ilé ìgbẹ̀bí kan tí n kò ní dárúkọ. Ó ké dáadáa. Kìló 2.4 ni wọ́n wọ̀n ọ́n sí. Wọ́n nù ún, wọ́n gbé e tì mí. Kò pẹ́ tí mo rí i pé ẹnu rẹ̀ ń hó. Ìfófó funfun, wuruwuru, bí èyí tó máa ń gun etí bàsíà nígbà tí a bá da ọṣẹ sí omi ìfọṣọ jù. Mo fi etí ìró nù ún. Kí n tó ká ìró náà, òmíràn ti yọ.

Obìnrin tó gbẹ̀bí mi ní omi tó mu nínú ikùn ni, pé yóò tán. Ó po gúlúkóòsì sínú omi gbígbóná díẹ̀, ó fi ṣíbí bù ú sí i lẹ́nu. Lójú ẹsẹ̀, ọmọ yí àwọ̀ padà. Ètè rẹ̀ dúdú bí aró. Ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú bí ẹni tó fẹ́ di nǹkan mú, ohùn rẹ̀ sì há. Wọ́n dorí rẹ̀ kodò, wọ́n gbá a lẹ́yìn, omi náà tú jáde lẹ́nu àti nímú, ó mí. Wọ́n ní ó kàn há a lọ́fun ni. Ó tó wákàtí méjì sí i, wọ́n ní kí n fún un lọ́mú. Ohun kan náà ló tún ṣẹlẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe é lẹ́ẹ̀kẹta, ìyá ọkọ mi gba ọmọ lọ́wọ́ wọn, ó gbé e mọ́ àyà. Ó ní, "Ọmọ yìí kò kọ oúnjẹ o. Oúnjẹ ló ń kọ̀ ọ́."

A máa ń sọ ọ́ fún ọ̀jẹun pé ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Lóru ọjọ́ náà, mo rí i lára ọmọ tí kò tíì pé wákàtí mẹ́jọ láyé, tí kò tíì jẹ nǹkan kan.

Nǹkan bí agogo mẹ́fà àbọ̀ ìdájí, ọmọbìnrin kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì wọlé wá gba iṣẹ́ òwúrọ̀. Kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún lọ. Báàgì rẹ̀ ṣì wà léjìká rẹ̀ tó fi dúró lórí ọmọ mi. Ó wo ẹnu rẹ̀. Ó béèrè bó ti ń hó tó. Ó béèrè bóyá wọ́n sọ fún mi nígbà oyún pé omi mi pọ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó sọ báàgì sílẹ̀, ó ní, "Ìyá Ìkókó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún un ní nǹkan kan mọ́. Ẹ̀kán omi kan, ẹ má fún un."

Ó lọ mú róbà tín-ín-rín kan wá, ó rọra ń tì í gba ẹnu ọmọ wọlé. Mo ń wo ìka rẹ̀. Róbà náà lọ níwọ̀n bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá, ó dúró. Ó fà á díẹ̀, ó tún tì í. Ibi kan náà ló tún dúró sí. Ó tì í lẹ́ẹ̀kẹta, ẹnu róbà náà sì yí padà nínú lọ́hùn-ún, ó gòkè wá, ó yọ lórí ahọ́n ọmọ mi bí ejò tó wọ ihò tí kò bá ọ̀nà níwájú. Nọ́ọ̀sì náà gbé ojú sókè wò mí. Bí mo bá dàgbà dé àádọ́rùn-ún ọdún, n kò ní gbàgbé ojú yẹn.

Ó ní òun kà nípa rẹ̀ nílé ìwé ni, òun kò fojú rí i rí. Ó ní Ìbàdàn ni, ìsinsìnyí sì ni. Ẹni tó jù ú lọ níbẹ̀ ní kí a ní sùúrù títí ọ̀gá yóò fi dé ní agogo mẹ́wàá. Ọmọbìnrin yìí kúnlẹ̀. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, bí ó bá jẹ́ pé wọn ó lé mi lẹ́nu iṣẹ́, kí wọ́n lé mi. Ọmọ yìí kò ní dúró de agogo mẹ́wàá." Ó kọ ìwé fún wa, ó sì tún bá wa lọ.

Ọkọ̀ Micra ọ̀rẹ́ ọkọ mi ló gbé wa. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà Ìwó sí Ìbàdàn, tó gba Lálúpọn kọjá, á mọ ohun tí ojú wa rí nínú kòtò rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Nọ́ọ̀sì yẹn ló gbé ọmọ. Kò jẹ́ kí ó sùn gbalaja. Ó gbé e dúró ṣánṣán mọ́ àyà rẹ̀. Ìṣẹ́jú mélòó kan síra, á fi róbà kékeré tó dà bí bọ́ọ̀lù fa ìfófó ẹnu rẹ̀, á fún un dànù sínú aṣọ ìnujú. Ní gbogbo ọ̀nà yẹn, ó kàn ń sọ fún ọmọ náà pé, "Má dákẹ́, ìyá mi. Bá mi sọ̀rọ̀. Má dákẹ́."

Ní ilé ìwòsàn ńlá tí a dé ní Ìbàdàn, wọ́n ya X-ray àyà rẹ̀ pẹ̀lú róbà nínú ọ̀fun. Dókítà oníṣẹ́ abẹ àwọn ọmọdé gbé àwòrán náà sójú iná kí a lè rí i. Róbà ká róbóróbó sókè àyà bí ìlẹ̀kẹ̀ nínú igbá. Afẹ́fẹ́ sì hàn nínú ikùn rẹ̀. Dókítà ní afẹ́fẹ́ yẹn gan-an ló jẹ́ kí òun mọ ibi tí ìyókù ọ̀nà náà lọ.

Nígbà tí mo sọ fún un pé aránṣọ ni mí, inú rẹ̀ dùn. Ó yí káàdì mi sẹ́yìn, ó fi bírò ya á fún mi. Ó ní nígbà tí ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di ọmọ nínú oyún, ọ̀nà kan ṣoṣo ni ọ̀nà oúnjẹ àti ọ̀nà èémí jẹ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ kẹrin sí ìkẹfà ni wọ́n máa ń pín sí méjì. Ti Àjọkẹ́ kò pín bó ṣe yẹ. Apá òkè ọ̀nà oúnjẹ rẹ̀ dí pa, bí àpò tí wọ́n rán ìdí rẹ̀. Apá ìsàlẹ̀ gbéra láti inú ikùn, ó ń bọ̀ lókè, ṣùgbọ́n dípò kó pàdé èkejì rẹ̀, ó lọ so mọ́ ọ̀nà èémí. Ohunkóhun tó bá mu, àpò òkè ni yóò kún, yóò sì ṣàn sínú ẹ̀dọ̀fóró. Omi kíkan inú ikùn náà á tún gba ìsàlẹ̀ gòkè lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró kan náà. Ìdí nìyẹn tí nọ́ọ̀sì wa kò fi jẹ́ kó dùbúlẹ̀ gbalaja. Dókítà béèrè ẹni tó kọ́ wa. Mo nawọ́ sí ọmọbìnrin náà, ó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn pẹ̀lú aṣọ tó ti rin gbingbin fún ìfófó. Dókítà bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

Oesophageal atresia ni wọ́n ń pè é. Láàárín ọmọ 2,500 sí 4,500 tí a bá bí láàyè, ọ̀kan ló máa ń ní in. Irú ti Àjọkẹ́ ló sì wọ́pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bí 85 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló rí bẹ́ẹ̀. Mo béèrè bóyá wọ́n máa ń yè. Dókítà ní ọdún 1941 ni ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n so òkè àti ìsàlẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí ọmọ sì yè, pé Cameron Haight ló ṣe é fún ọmọbìnrin kan ní Ann Arbor, ní ìpínlẹ̀ Michigan l'Amẹ́ríkà. Ó ní lóde òní, níbi tí irinṣẹ́ bá pé, wọ́n ń yè ju 90 lọ nínú ọgọ́rùn-ún. Kò tàn mí. Ó ní níbi tiwa, ọ̀pọ̀ ń lọ, nítorí pé a máa ń pẹ́ kí a tó gbé wọn dé, nítorí pé wọ́n ti fún wọn ní omi àti agbo kí wọ́n tó dé, àti nítorí pé bẹ́ẹ̀dì àti ẹ̀rọ tó ń bá ìkókó mí kò kárí. Tiwa ti mu omi sínú ẹ̀dọ̀fóró lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní láti tọ́jú ìyẹn ná.

Wọ́n tún yẹ ọkàn rẹ̀ wò, wọ́n yẹ kíndìnrín àti egungun ẹ̀yìn, wọ́n wo ihò ìdí rẹ̀, torí pé bí ìdajì àwọn ọmọ tó ní èyí ni nǹkan mìíràn tún máa ń ṣe. Ìkọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá ti wò tí wọ́n ní ó dára, ọkọ mi á dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú kọ́rídọ̀, á sì dìde.

Ẹ má bínú bí mo bá dúró díẹ̀ lórí èyí. Ọ̀rọ̀ tí mo gbọ́ lọ́sẹ̀ yẹn dùn mí ju abẹ lọ. Ẹnì kan ní mo rìn lọ́sàn-án gangan nígbà oyún. Òmíràn ní kí n ronú ohun tí mo jẹ. Ẹnì kan tí mo bọ̀wọ̀ fún pe ọkọ mi sí kọ̀rọ̀, ó ní kí a wádìí ilé mi. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún dókítà, mo ń sunkún. Ó fa àga wá, ó jókòó kí ojú wa lè ṣe déédéé. Ó ní, "Ìyá Àjọkẹ́, ọ̀sẹ̀ kẹrin sí ìkẹfà ni mo wí. Ṣé ẹ ti mọ̀ nígbà náà pé ẹ lóyún?" Mo ronú. N kò tíì mọ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ka ọjọ́ ni. Ó ní, "Kò sí ohun tí ẹ ṣe. Kò sí ohun tí ẹ kò ṣe." Ọ̀rọ̀ méjì yìí ni mo fi ń sùn títí di òní. Bí ìyá mìíràn bá wà tó ń gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ kiri, kó gba ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ mi.

Owó. N kò fẹ́ sọ púpọ̀ lórí owó. Mo ta ẹ̀rọ tí mo fi ń ká etí aṣọ. Ọkọ mi gba àjọ rẹ̀ ṣáájú ìgbà tó kàn án. Àwọn tó kàn fi àyè sílẹ̀ fún un. Àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ wọ ọkọ̀ méjì wá láti Ìwó, wọ́n tò síbi tí wọ́n ti ń gba ẹ̀jẹ̀. Ẹni tí wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò bá ti ọmọ mu tún ní kí wọ́n gba tòun fún ọmọ ẹlòmíràn.

Ọjọ́ karùn-ún ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ. Wọ́n gba àárín egungun ìhà ọ̀tún wọlé. Wọ́n já ìsàlẹ̀ kúrò lára ọ̀nà èémí, wọ́n rán ihò ibẹ̀ pa, wọ́n wá fa òkè àti ìsàlẹ̀ pàdé ara wọn. Ó ju wákàtí mẹ́ta lọ. Ṣáájú kí wọ́n tó gbé e wọ tíátà, dókítà ti sọ fún mi pé ìsàlẹ̀ náà kò fẹ̀ ju ike tí yíǹkì bírò wà nínú rẹ̀ lọ. Ó ní, "Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, bí etí aṣọ méjì kò bá tó ara wọn, tí a sì fi agbára fà á, ojú ìrán á ya." Nítorí náà, níta níbẹ̀, ohun tí mo ń gbà ládùúrà kò pọ̀. Mo kàn ń wí pé, "Olúwa, jẹ́ kó tó. Jẹ́ kí etí méjèèjì tó ara wọn." Dókítà jáde, ó ti bọ́ fìlà, irun rẹ̀ tutù fún òógùn. Ó ní, "Ó tó."

Ọjọ́ kẹjọ pé lórí rẹ̀ nínú wọ́ọ̀dù. Bàbá ọkọ mi kò gbà kí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ kọjá. Ó wọ agbádá láti Ìwó, ó gbé omi, iyọ̀, orógbó àti ìgò oyin kékeré kan sínú apẹ̀rẹ̀. Mètírọ́ọ̀nù jẹ́ kí ó wọlé ní òun nìkan. Àjọkẹ́ wà nínú àpótí onígíláàsì tó ń mú un móoru, róbà kan nímú, róbà kan nínú ìhà, dírípù lọ́wọ́. Bàbá ṣí ìgò oyin. Mètírọ́ọ̀nù ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, nǹkan kan kò gbọdọ̀ kan ẹnu rẹ̀. Oyin pàápàá, bí kò bá tíì pé ọdún kan, a kì í fún ọmọ kankan." Bàbá dúró. Oyin ń kán bọ̀ lẹ́nu ìka rẹ̀. Ó wò mí, ó ní, "Ìwọ la ẹnu. Ìyá rẹ̀ ni yóò tọ́ ọ wò dè é." Mo la ẹnu. Ó fi oyin sí mi láhọ́n, ó fi iyọ̀ sí i, ó ṣàdúrà, ó sì pe orúkọ ọmọ láti ẹ̀yìn gíláàsì. Ó ní oríkì rẹ̀ yóò máa jẹ́ Àjọkẹ́, nítorí pé kì í ṣe ìdílé kan ló ń kẹ́ ẹ. Ó dé ìgò náà padà, ó fi ọ̀rá wé e, ó ní òun ń gbé e lọ sílé, òun ó máa dá a sí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nípa obìnrin kan. Àga rẹ̀ ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Ọmọ tirẹ̀, ìfun rẹ̀ ló wà níta ikùn nígbà tí wọ́n bí i. Òun ló kọ́ mi bí a ti ń fún wàrà ọmú sínú ife kí ó má baà gbẹ, torí pé àwọn nọ́ọ̀sì ti ń fi róbà imú, tó gba ojú ìrán kọjá, kán an díẹ̀díẹ̀ sínú ikùn Àjọkẹ́. Òun ló máa ń jí mi lóru pé, "Ìyá Àjọkẹ́, ó ti tó àkókò." Ní òru ọjọ́ Ẹtì kan, ọmọ tirẹ̀ lọ. Ó ká aṣọ rẹ̀ láàárọ̀, ó wá síbi tí mo wà, ó gbé fìláásìkì omi gbígbóná rẹ̀ fún mi, ó ní, "Máa lò ó, èmi kò ní lò ó mọ́." N kò lè dìde kúrò lórí àga. Àdúrà rẹ̀ kò kéré sí tèmi. Ó mọ Ọlọ́run jù mí lọ. Ìgbàkúùgbà tí mo bá ń dúpẹ́, orúkọ rẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ dá fún Ọlọ́run kí n tó dá ti ọmọ mi.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, wọ́n fún un ní oògùn kan tó máa ń hàn nínú X-ray, wọ́n sì rí i pé ojú ìrán ń jò díẹ̀. Èmi tó ń ránṣọ, mo mọ ohun tí à ń ṣe fún ìyẹn: a ó tú u, a ó tún un rán. Dókítà ní rárá, ara èèyàn kì í ṣe aṣọ. Bí a bá fún un láyè, yóò fúnra rẹ̀ dí i. A fún un láyè. Ọjọ́ mọ́kànlá ni. Wọ́n tún un wò, ó ti dí.

Ọ̀sán ọjọ́ Ọjọ́rú ni wọ́n gbé e lé mi lápá. Mílílítà márùn-ún péré ni wọ́n ní kí n fún un, wàrà èmi fúnra mi, nínú abẹ́rẹ́ tí wọ́n ti yọ ẹnu rẹ̀. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Mètírọ́ọ̀nù di ìgúnpá mi mú láti ẹ̀yìn. Mo kán an lẹ́ẹ̀kan. Ó pa ẹnu dé. Ó dákẹ́, ojú rẹ̀ ranjú mọ́ mi bí ẹni tí wọ́n bi ní ìbéèrè. Mo ń wo ètè rẹ̀, mo ń retí aró. Mo rí ọ̀fun rẹ̀: awọ kékeré yẹn gbéra sókè, ó sọ̀ kalẹ̀. Ó gbé e mì. Ó tún la ẹnu. Gbogbo wọ́ọ̀dù pariwo, débi pé àwọn ìkókó yòókù jí.

Kò tíì tán síbẹ̀ o. Nígbà tó pé oṣù mẹ́rin, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ oúnjẹ padà, ó sì ń pẹ́ lẹ́nu ọmú. Ojú ìrán ti sún kì, bí ọrùn aṣọ tí a fa òwú rẹ̀ jù. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni a padà lọ kí wọ́n fẹ̀ ẹ́. Ikọ́ rẹ̀ ṣì máa ń dún gbó-gbó bí ìgbà tí ajá ń gbó. Nínú ọkọ̀, àwọn èèyàn á máa sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Dókítà ní ọ̀nà èémí rẹ̀ ló rọ̀ níbi tí ìsàlẹ̀ ti so mọ́ ọn, pé bó bá ti ń dàgbà ni yóò máa le. Kì í ṣe ikọ́ tó ń ràn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa jókòó tì wá.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbẹ̀bí, ẹ̀yin ìyá ìyá, ẹ̀yin ìyá ọkọ, mo kúnlẹ̀ bẹ̀ yín. Bí ìkókó bá ń hó lẹ́nu, tí a nù ún tí kò tán, tí ohun àkọ́kọ́ tó kan ẹnu rẹ̀ sì mú kó sín, kó wúkọ́, kí ètè rẹ̀ dúdú, ẹ má dán an wò lẹ́ẹ̀kejì. Kò sí omi, kò sí gúlúkóòsì, kò sí agbo, kò sí ọmú. Ẹ gbé orí rẹ̀ sókè, ẹ máa fa ìfófó náà jáde, kí ẹ sì gbé e lọ síbi tí dókítà abẹ àwọn ọmọdé wà lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má dúró de ọ̀gá.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó dá ọ̀fun. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà, lọ́wọ́ Mètírọ́ọ̀nù, lọ́wọ́ àwọn awakọ̀ Ìwó, lọ́wọ́ ẹni tó ń fọ ilẹ̀ wọ́ọ̀dù tó máa ń fi àkàrà sílẹ̀ fún mi láìsọ̀rọ̀. Nọ́ọ̀sì wa, ọmọbìnrin tó kúnlẹ̀ nítorí ọmọ tí kì í ṣe tirẹ̀, ó wà nínú ìjọ lọ́jọ́ Àìkú náà. Èmi ni mo rán aṣọ tó wọ̀. Òun ló gbé Àjọkẹ́ wọlé.

Nígbà tí a délé, tí wọ́n ti pín ìrẹsì tán, bàbá ọkọ mi dìde, ó wọ yàrá lọ. Ó gbé nǹkan kan jáde tí a fi ọ̀rá wé. Ìgò oyin yẹn ni. Ọ̀rá náà kò tíì kúrò lára rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti wé e. Gbogbo ilé dákẹ́. Ó tú u, ó ki ìka bọ̀ ọ́, ó fi kan ahọ́n Àjọkẹ́. Èmi kò wo ojú rẹ̀, ọ̀fun rẹ̀ ni mo ń wò. Ó gbéra, ó sọ̀. Ọmọ mi ṣẹ́jú, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ìka bàbá rẹ̀ àgbà mú, ó sì fà á padà sẹ́nu.